Geoffrey Oryema: ta ni ó ń kọrin fún ní bí ogójì ọdún?

Adùnní_Olórin:

Ẹ̀yin ará ilé orin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ohùn ọkùnrin kan kò kúrò létí mi, mo sì fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Geoffrey Oryema ni. Olórin ni, ọmọ ẹ̀yà Acholi láti àríwá Uganda. Soroti ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1953, Faransé ló sì kú sí ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ní ẹni ọdún 65. Tí a bá ti dárúkọ olórin Áfíríkà tó tẹ̀dó sí Faransé níbí, Tony Allen àti Aṣa ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tirẹ̀ fún yín.

Bàbá rẹ̀, Erinayo Oryema, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Uganda. Nígbà tí Idi Amin fi ìbọn gba ìjọba lọ́dún 1971, ó fi bàbá náà ṣe mínísítà. Ní oṣù kejì ọdún 1977, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan òun, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Áńgílíkà tó ń jẹ́ Janani Luwum, àti mínísítà mìíràn, Charles Oboth Ofumbi. Kò pẹ́ tí wọ́n mú wọn tí rédíò ìjọba fi kéde pé jàǹbá ọkọ̀ ló pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irọ́ ni. Nígbà tí òkú bíṣọ́ọ̀bù dé ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, ojú ọta ìbọn ni wọ́n bá lára rẹ̀.

Geoffrey kò tíì pé ọmọ ọdún 24 nígbà yẹn. Inú búùtù mọ́tò ni wọ́n fi í pamọ́ sí, tí wọ́n fi gbé e gba ẹnubodè kọjá sí Kẹ́ńyà. Láti Kẹ́ńyà ló ti bọ́ sí Faransé.

Ọdún 13 kọjá kí àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde, lọ́dún 1990. Exile ló pè é. Real World, ilé iṣẹ́ àwo orin Peter Gabriel, olórin Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde. Brian Eno ló darí gbígbà rẹ̀ sílẹ̀. Gabriel fúnra rẹ̀ sì gbe orin níbẹ̀. Ní Yúróòpù, orúkọ tí wọ́n ń dá kalẹ̀ fún un ni Leonard Cohen ti Áfíríkà, ìyẹn olórin akéwì ará Kánádà.

Ohun tó ń gbé mi nínú rèé. Èdè Acholi àti Swahili ló pọ̀ jù nínú àwo yẹn. Àwọn tó ń sanwó wọlé láti gbọ́ ọ ní Paris àti London kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwọn tí ìbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Acholi, ní Gulu, ní Anaka, wọn kò rí i lójú. Oṣù kejìlá ọdún 2016 ló tó padà dé Uganda láti kọrin, ọdún kan àtààbọ̀ ló sì kù fún un láyé. Ta wá ni ọkùnrin yìí ń kọrin fún ní gbogbo àkókò yẹn?

---

Túndé_Gìtá:

Ẹ̀gbọ́n Adùnní, ẹ ṣé é gan-an ni. N kò gbọ́ orúkọ yìí rí láyé mi. Mo wá àwo Exile rí, mo ti gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi ni pé ariwo kankan kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ àti okùn kan péré ni. Ìgbà tó bá sọ ohùn kalẹ̀, ó máa ń jìn bí ẹni pé inú kànga ló ti ń bọ̀; tó bá tún gbé e sókè, á dàbí ohùn obìnrin.

Irú nǹkan wo ló ń ta yẹn? Kì í ṣe gìtá. Mo ti gbé gìtá tèmi jáde, mo fẹ́ tẹ̀ lé e, kò bá a mu.

---

Àbíkẹ́_Lyon:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí orúkọ yìí ni omi bọ́ lójú mi.

Mo dé Faransé lọ́dún 1994. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo ń gbé, mò ń bá wọn tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án, mo sì ń lọ kọ́ Faransé nírọ̀lẹ́. Tí gbogbo ilé bá ti sùn, èmi nìkan ló máa ń jókòó ti tẹlifíṣàn, màá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá nítorí àwọn ọmọ. Ètò kan wà lórí France 2 tó ń jẹ́ Le Cercle de Minuit. Lóru ni wọ́n ń ṣe é, láti 1992 títí di 1999. Àwọn òǹkọ̀wé, ayàwòrán, onítíátà, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n máa ń pè wá síbẹ̀. N kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ. Orin tí wọ́n fi ń ṣíṣọ lójú ètò náà ni mo máa ń dúró dè. Ohùn aláwọ̀ dúdú kan ni, kò sì kọrin bí àwọn tó wà lórí rédíò. Ní gbogbo ọjọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan láti ilé wọ yàrá.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Oryema ni. Yé Yé Yé lorúkọ orin náà, inú àwo Exile ló wà. Ẹ wò ó, fún ọdún méje gbáko, ohùn ọmọ Acholi ló ń wọ pálọ̀ àwọn ọmọ Faransé tó ń pẹ́ sùn. Ọ̀pọ̀ wọn mọ orin náà dáadáa tí wọn kò sì mọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Tí ẹ bá kùn ún lẹ́nu fún ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún níbí, á dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Adùnní, o béèrè pé ta ló ń kọrin fún. Lóru tí mò ń wí yìí, èmi ló kọrin fún. N kò gbọ́ Acholi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó wà lájò ló ń sọ̀rọ̀.

---

Bàbá_Agídìgbo:

Túndé ọmọ mi, jẹ́ kí n dá ọ lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sí ọwọ́ mi.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní ń jẹ́ nanga. Igi ni wọ́n gbẹ́ ikùn rẹ̀ bí ọpọ́n gbọọrọ, tí wọ́n wá na okùn lé e lórí, okùn méje, láti òkè délẹ̀. Ìka lásán ni wọ́n fi ń ta á. Bàbá Geoffrey fúnra rẹ̀ ń ta nanga, òun ló sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n pa yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ ti gba ohun èlò tó fi jẹun ní ìlú òyìnbó.

Èkejì ń jẹ́ lukeme. Òun ni àwa Yorùbá yóò tètè dá mọ̀, torí ìbátan agídìgbo ni. Pátákó tó ní ikùn ni, irin pẹlẹbẹ wà lórí rẹ̀, àtàǹpàkò méjèèjì la fi ń tẹ̀ ẹ́ kó fọhùn. Tiwọn kéré, ó ṣeé gbé lọ́wọ́ méjì. Tiwa tóbi bí àpótí, orí itan la ń gbé e lé tàbí kí a fi okùn gbé e kọ́rùn, ohùn rẹ̀ sì nípọn. Ẹni tó bá rí Fatai Rolling Dollar nígbà ayé rẹ̀ tó fi agídìgbo ṣeré á mọ bí ohùn irin yẹn ṣe máa ń wọni lára.

Àwọn baba wa ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Adùnní wà. Ọ̀mọ̀ràn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n kò sí nítòsí. Àwọn tó wà níbẹ̀ jó o, wọ́n jó o dáadáa pàápàá. Ṣùgbọ́n kò ju jíjó lọ.

---

Ọmọ_Olùkọ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Gbogbo wa ti ń káàánú, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn bá Amin ṣe ìjọba fún ọdún mẹ́fà. Láti 1971 dé 1977 ló fi ṣe mínísítà, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ọmọ Acholi àti Lango nínú ọmọ ogun, nígbà tí wọ́n lé àwọn ará Éṣíà jáde lọ́dún 1972. Ṣé ọmọ rẹ̀ kọrin nípa ìyẹn náà? Àbí èyí tó kan ilé tirẹ̀ nìkan ló dùn ún?

Mi ò sọ pé kí wọ́n pa á o. Mò ń béèrè ni, torí a máa ń tètè sọ ẹni tó sá nílùú di ẹni mímọ́.

---

Adùnní_Olórin:

@Ọmọ_Olùkọ́, ìbéèrè tó yẹ ni, n kò sì ní sá fún un.

Òótọ́ ni pé ó bá wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò yàtọ̀ sí ohun tí àwa náà rí nílé nígbà ológun: òṣìṣẹ́ ọba tí ìjọba yí padà lé lórí, tó dúró sẹ́nu iṣẹ́, bóyá torí ẹ̀rù, bóyá torí ó rò pé òun yóò lè dín ibi kù, títí ibi fi yí sí òun náà. Ẹ̀bi àti ìyà lè jọ gbé inú ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 23 tó wà nínú búùtù kò jẹ mínísítà. Akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ló jẹ́ kí ó tó kúrò nílé. Orin tó sì kọ, mo gbọ́ ọ tán, kì í ṣe orin ẹni tó ń gbèjà ìjọba bàbá rẹ̀. Ọmọ tó ń wá bàbá ni.

Òmíràn tún wà. Nígbà tí ogun Joseph Kony, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilẹ̀ Acholi, tí wọ́n ń jí àwọn ọmọdé gbé lọ fi ṣe ọmọ ogun, Oryema kò dákẹ́. Ó fi orúkọ tó ti ní ní Yúróòpù sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn síta, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn kò tíì kà á sí nǹkan kan. Ìyẹn kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan.

---

Ọmọ_Olùkọ́:

Mo gbà. Ẹ ṣé é, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

---

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Ẹ kú àtijọ́ o, gbogbo ilé. Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Ohun tí kò yé mi ni pé Amin ti ṣubú ní oṣù kẹrin ọdún 1979. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ọmọ yìí sá lọ nìyẹn. Kí ló dé tí kò padà sílé? Kí ló mú un dúró di 2016?

---

Adùnní_Olórin:

Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè yín gan-an ni mo ń gbé kiri.

Lóòótọ́ ni Amin lọ, àmọ́ ìjà kò lọ. Obote, ààrẹ tí Amin gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, padà, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1985, Tito Okello, tí í ṣe ọmọ Acholi, gba ìjọba, kò sì lò ju oṣù mẹ́fà lọ kí Museveni, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀ nígbà náà, tó lé e lọ ní oṣù kìíní ọdún 1986. Láti ìgbà yẹn ni ilẹ̀ Acholi ti di ojú ogun, ó sì lé ní ogún ọdún kí ọkàn tó balẹ̀. Ìjọba kó àwọn ará abúlé sí àgọ́, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn. Anaka wà nínú àwọn ìlú tí wọ́n sọ di àgọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí Anaka yẹn. Ibẹ̀ ni ìlú baba rẹ̀. Inú Exile, orin kan wà tó ń jẹ́ Land of Anaka, ilẹ̀ tútù, ilẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ló ń rántí níbẹ̀. Orin náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ilẹ̀ tútù yẹn fi di ibi tí èèyàn ń to fún oúnjẹ ọ̀fẹ́. Orí ìtàgé ní Yúróòpù ló sì wà, ó ṣì ń kọ ọ́, àwọn olùgbọ́ ń pàtẹ́wọ́. Ilé tí ẹ ní kó relé, kò sí bó ṣe fi í sílẹ̀ mọ́.

---

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù:

Èmi ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Mọ́kọ́lá fún ọdún 22, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí apá òwò, torí ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọkàn nìkan.

Ọkùnrin yìí bọ́ sí àkókò tó dára. Lọ́dún 1987, àwọn ọlọ́jà àwo orin kan pàdé nínú ilé ọtí kan ní London, wọ́n ń wá orúkọ tí wọn yóò kọ sára pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹni tó bá ń wá orin Áfíríkà, ti Índíà, ti Bulgaria lè mọ ibi tí yóò nawọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò sí world music, ìyẹn orin àgbáyé. Kò ju ọ̀rọ̀ pẹpẹ lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Real World dé. Ká ní Oryema ti ṣe tán láti 1978 ni, kì bá tí rí ẹni tí yóò gbà á.

Ṣùgbọ́n pẹpẹ yẹn ní ìyà tirẹ̀. Ẹ rántí King Sunny Adé. Bob Marley kú lọ́dún 1981, Island Records ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, wọ́n mú Sunny. Juju Music jáde lọ́dún 1982, Synchro System lọ́dún 1983, Aura lọ́dún 1984, Stevie Wonder pàápàá fun háàmóníkà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọjà kò tà tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n já a sílẹ̀. Sunny kò bàjẹ́, torí ilé ń dúró dè é. Èkó wà, Ìbàdàn wà, Oǹdó wà, àwọn olówó ń pè é sí òde ìnáwó. Ó padà síbi tí wọ́n ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Oryema kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Tí ìlú òyìnbó bá já a sílẹ̀, kò sí òde ìnáwó ní Gulu tí yóò pè é. Torí náà ló fi ń wá ọ̀nà ṣáá: Beat the Border lọ́dún 1993, tó ti gba bàǹdì mọ́ra, Night to Night, Spirit lọ́dún 2000, Words lọ́dún 2004. Ó wà ní Woodstock ti 1994, àjọ̀dún orin ńlá ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1994 yẹn náà, òun, Tonton David àti Manu Katché jọ kọ orin fíìmù kan, Chacun sa route, tí gbogbo Faransé kọ. Orin ijó ni, ó dùn, kò sì jọ Exile rárá. Àwọn kan bá a wí fún un. Èmi kò ní bá a wí. Ọkùnrin ń wá oúnjẹ òòjọ́.

---

Túndé_Gìtá:

Bàbá, ẹ ṣé é. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ Spirit náà lánàá, ó sì jẹ́ kí n banú jẹ́ díẹ̀. Gìtá iná, ìlù ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, nanga ni mo ń wá kiri. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sókè kí àlejò lè gbọ́.

---

Àbíkẹ́_Lyon:

Túndé, má ṣe bẹ́ẹ̀ dá a lẹ́jọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti lò níbí kí Spirit tó jáde. Àwọn ọmọ rẹ̀, Faransé ni wọ́n ń sọ. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, Faransé ni mo fi ń lá àlá nígbà mìíràn, n kì í sì í ṣe ẹni tó ń díbọ́n. Tó bá jẹ́ nanga àti Acholi nìkan ló ń kọ títí láé, àwọn òyìnbó ìbá pè é ní ojúlówó, ìwọ náà ìbá yìn ín. Àmọ́ ta ló sọ pé ẹni tó ń gbé Normandy gbọ́dọ̀ máa kọrin bí ẹni tó kúrò ní Anaka lánàá?

Ẹ wo Angélique Kidjo. Òun náà sá kúrò ní Benin lọ́dún 1983, ní ìgbà ìjọba Kérékou, Paris ló sá wá. Ó ń kọ Fọn, ó ń kọ Yorùbá, ó ń kọ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ó lu fọ́ńkì, ó lu sálúsà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó padà sídìí ìlù Ouidah nìkan.

---

Ọmọ_Olùkọ́:

Ọ̀rọ̀ Àbíkẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà o. Angélique, tó bá kọ Yorùbá, àwa mílíọ̀nù lọ́nà ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ wà tí yóò gbọ́ ọ, láti Èkó dé Kétu, a óò sì rà á. Acholi kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó sì wà, inú àgọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Èdè tí kò ní ọjà, tí ogun tún wọ̀ ọ́, ẹni tó bá fi kọrin ní òkèèrè mọ̀ pé owó kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó sì fi í kọ ọ́. Ìyẹn ló mú mi yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ sọ.

---

Bàbá_Rẹ́kọ́ọ̀dù:

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí n tó gbàgbé. Oṣù keje ọdún 2005, ọjọ́ kejì, Live 8, àwọn eré orin ńlá tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ kan náà ní ìlú púpọ̀. Ẹ rántí ọjọ́ náà? Wọ́n ní torí Áfíríkà ni wọ́n ṣe ń kọrin. Hyde Park ní London kún fọ́fọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló wà lórí ìtàgé, àyàfi Youssou N'Dour àti àwọn díẹ̀. Ariwo pọ̀ lórí ìyẹn. Wọ́n wá ṣètò ìtàgé mìíràn fún àwọn olórin Áfíríkà ní Eden Project, ní Cornwall, ní ìkángun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, Peter Gabriel wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ibẹ̀ ni Oryema ti kọrin, Kidjo náà wà níbẹ̀.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, inú ṣì ń bí mi. Ọ̀rọ̀ ebi àti gbèsè Áfíríkà ni wọ́n fi pe ayé jọ, wọ́n sì gbé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ sí ibi tó jìnnà sí gbàgede. Ọkùnrin tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, tí wọ́n gbé sá nínú búùtù, tí ogun ń jó ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, ta ló yẹ kó gba maíìkì ní Hyde Park jù ú lọ?

---

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù, mo wà ní Hyde Park lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi ló gba tíkẹ́ẹ̀tì. N kò mọ̀ pé ibòmíràn wà rárá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo kúrò ní Ìlárá lọ́dún 1986, ìwé kò tó mi lọ́wọ́, fún ọdún 19 n kò lè jáde kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí tí mo bá jáde, n kò ní lè wọlé mọ́. Bàbá mi kú láàárín àkókò náà. Fọ́tò ìsìnkú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Nígbà tí mo padà dé nígbẹ̀yìn, mo dúró bí ọmọdé níwájú ilé wa, àwọn ọmọ tó wà níta ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ta ni àlejò yìí.

Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín lánàá, mo ṣí orin kan nínú Exile. Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló kú fún un?"

N kò tíì sọ nǹkan kan fún wọn nípa rẹ̀.

---

Adùnní_Olórin:

Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ bá mi kí màmá wa gan-an.

Ó ti dá ìbéèrè mi lóhùn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti rò pé ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè gbọ́ orin náà dé ìsàlẹ̀. Mo ṣì gbà pé nǹkan kan wà tí ọmọ Acholi nìkan lè gbọ́ níbẹ̀. Èdè olóhùn ni Acholi bíi tiwa, tí a bá yí ohùn padà, ìtumọ̀ á yí, torí náà orin inú ọ̀rọ̀ àti orin inú okùn ń bá ara wọn rìn lọ́nà tí èmi kò lè tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ mọ́ pé jíjó lásán ni àwọn àlejò ń jó.

---

Bàbá_Agídìgbo:

Mo gbà pẹ̀lú màmá yẹn. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

---

Túndé_Gìtá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó ku ìbéèrè kan. Nígbà tó padà dé lọ́dún 2016, báwo ni wọ́n ṣe gbà á?

---

Adùnní_Olórin:

Ó kọrin ní Kampala ní oṣù kejìlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ pé irú olórin bẹ́ẹ̀ jáde láti ìlú wọn. Àwọn àgbà rántí bàbá rẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 63 ni, irùngbọ̀n ti funfun.

Àìsàn jẹjẹrẹ ló pa á ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2018, ní Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn Faransé, létí òkun.

Túndé, tí o bá fẹ́ tẹ̀síwájú, má lọ sí Spirit báyìí. Bẹ̀rẹ̀ láti Exile, kí o wá wá Suzanne tó kọ sínú àwo I'm Your Fan ti 1991, èyí tí ìwé ìròyìn Faransé kan kó jọ láti fi yẹ́ Leonard Cohen sí. Orin Cohen ni, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́, àmọ́ gbọ́ bó ṣe ń gbé ohùn gùn ún. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ sí Beat the Border.

---

Túndé_Gìtá:

Mo ti rí i. Mo ti tú okùn gìtá mi sílẹ̀, mo fi méje péré sílẹ̀ lórí gìtá méjì tí mo so pọ̀, mò ń wá ohùn nanga yẹn. Kò tíì jọ ọ́. Màá gba ohun tí mo bá rí sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé e síbí kí Bàbá Agídìgbo bá mi gbọ́ ọ.

---

Bàbá_Agídìgbo:

Mò ń retí rẹ̀. Má fi nǹkan ta á o, ìka ni.